AWAKỌ̀ KỌ́ NI Ọ̀TÁ WA



Àríyànjiyàn orí owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù ní gárééjì Ìkéjì-Arákejì. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Iléṣà tàbí Àkúrẹ́ yóò ní awakọ̀ fẹ́ pa òun jẹ. Awakọ̀ yóò ní òun kọ́ lòun ń ta epo. Ọ̀rọ̀ á di èébú. Ìbínú àwọn méjèèjì yé wa, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n dojú ìjà kọ kọ́ ló yẹ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019 tí owó oṣù tó kéré jù di ₦30,000, ₦145 ni lítà epo bẹntiróòlù kan. Owó oṣù náà yóò ra lítà 200, yóò sì tún ṣẹ́kù. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ní oṣù keje ọdún 2024, owó oṣù di ₦70,000, àwọn kan sì ń yọ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí lítà epo di ₦998 ní ilé epo NNPC l'Ékòó. Lítà 70 péré ni owó tuntun náà rà. Owó pọ̀ lójú ìwé, ó gbẹ lápò.

Òṣìṣẹ́ ń san ìyà yìí nínú owó ọkọ̀. Awakọ̀ ń san án nílé epo, kó tó kan táyà àti mẹkáníìkì. Ohun tó bá ojú ti bá imú.

Ohun mìíràn tún wà. Òfin owó oṣù náà kò de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, àwọn ará sọ́míìlì, àti awakọ̀ tó ń jíṣẹ́ owó fún olówó ọkọ̀, ìta òfin ni wọ́n wà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC, tí Hassan Sunmonu jẹ́ ààrẹ rẹ̀, da iṣẹ́ sílẹ̀. ₦300 ni wọ́n bèèrè, ₦125 ni wọ́n rí gbà. Kò tó, ṣùgbọ́n ó di òfin. Kò sí ẹnì kan tó lè dá a gbà.

Èrò wa nìyí. Èkíní, kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan san àfikún owó ọkọ̀ tí yóò máa gòkè bí owó ọkọ̀ bá ti ń gòkè, láìdúró de ọdún mẹ́ta tí òfin dá fún àtúnyẹ̀wò owó oṣù. Èkejì, kí ẹ̀yin awakọ̀ kọ iye owó ọkọ̀ sára pátákó ní gárééjì. Ẹ má fi kún un nítorí òjò tàbí ọjọ́ ọdún. Bí epo bá sì wálẹ̀, kí owó ọkọ̀ náà wálẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin tí ẹ wà níbi iṣẹ́ kéékèèké wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa, kí ẹ forúkọ sílẹ̀.

Ẹni tó ń jẹ èrè ìyà wa kì í wọ ọkọ̀ ní gárééjì. Ẹ jẹ́ ká yé bú ara wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.