Ẹ̀bi géèmù yẹn kọ́, èmi ni mi ò fara balẹ̀

Ó pẹ́ tí mo ti pa Final Fantasy Tactics Advance tì. Géèmù Game Boy Advance ọdún 2003 ni, ẹ ó máa to ọmọ ogun bí ẹni ń ta ayò. Àwọn tó gbá ti ọdún 1997 ní kò tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi náà sì gbà. Ó ń falẹ̀. Adájọ́ kan á tún dúró lójú ìjà: lónìí, ẹ ò gbọdọ̀ lo idà, lọ́la, iná ni. Ẹ ṣẹ̀ ẹ́, káàdì pupa, ó di ẹ̀wọ̀n!

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní Ìlọ́fà, iná ò sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège. Mo ki bátìrì méjì bọ̀ ọ́. Èmi tí mo ka ìmọ̀ òfin, mi ò rí i tẹ́lẹ̀ pé òfin tó ń yí padà lójoojúmọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó wá náírà kiri ní oṣù kejì ọdún 2023, ṣé ó nílò àlàyé?

Marche, ọmọ inú ìtàn náà, fẹ́ padà sílé. Ṣùgbọ́n nínú ayé àlá yẹn, àbúrò rẹ̀ tí kò lè rìn ti ń rìn, ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú wà láàyè. Ó ní kí gbogbo rẹ̀ dópin. Nígbà yẹn, ṣe ni mo ń fo ìtàn kí n lè tètè débi ìjà. Ní báyìí, mi ò tíì lè dá a láre.