Ẹni Tó Fi Bọ́ọ̀lù Sílẹ̀ Kó Lè Máa Kọ́ni

 

Nígbà tí mo lọ sílé ní ọlidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi mí pé kí ni mo ń kọ́ níbí. Mo ní iṣẹ́ olùkọ́ ni. Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó mà ṣe o! Má wulẹ̀ dààmú, bí o bá ṣe tán, wàá wá iṣẹ́ gidi ṣe." Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ni wọ́n ti sọ irú rẹ̀ fún. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé àwa fúnra wa ti ń gbà á gbọ́. A ń rìn bí ẹni tó jí nǹkan. Lójú wa, ẹni tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe ló ń di olùkọ́.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọkùnrin ará Sérbíà kan ṣe àpẹẹrẹ. Željko Obradović ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Čačak ni wọ́n ti bí i ní 1960, nígbà tí Sérbíà ṣì wà lára Yùgòsláfíà. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n, ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbá a fún Borac, ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀, kó tó lọ sí Partizan ní Belgrade ní 1984. Ó wà nínú ikọ̀ Yùgòsláfíà tó gba fàdákà ní Òlíńpíìkì Seoul ní 1988, ó sì wà nínú èyí tó gba ife àgbáyé ní Argentina ní 1990. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, òun kọ́ ni ìràwọ̀ wọn. Àwọn bíi Dražen Petrović ni ayé ń pariwo orúkọ wọn.

Ní 1991, ikọ̀ náà ń múra ìdíje Yúróòpù tó fẹ́ wáyé ní Rome. Obradović wà pẹ̀lú wọn níbi ìgbáradì. Ọmọ ọdún 31 ni, agbára ṣì wà lára rẹ̀. Àfi bí Partizan ṣe ránṣẹ́ sí i pé kó wá ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ. Àwọn tó fi sílẹ̀ dé Rome, wọ́n sì gba wúrà. Ẹ tún un rò o! Ọkùnrin yìí fi wúrà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ kíkọ́ni tí kò ṣe rí. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá wà níbẹ̀, wọn ì bá ní kí wọ́n lọ yẹ orí rẹ̀ wò.

Kò sì dá iṣẹ́ náà ṣe. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Aleksandar Nikolić, ẹni tó kọ́ ikọ̀ Yùgòsláfíà tó gba ife àgbáyé ní 1978, jókòó tì í bí olùdámọ̀ràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe bàbá náà. Ojú kò ti Obradović láti bi í léèrè.

Ọdún yẹn kan náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yùgòsláfíà. Partizan kò lè máa gba àlejò nílé mọ́. Fuenlabrada, ìlú kan lẹ́bàá Madrid ní Sípéènì, ni wọ́n ti gbá èyí tó pọ̀ jù nínú eré tó yẹ kí wọ́n gbá nílé. Ọmọdé sì ni wọ́n. Đorđević jẹ́ ẹni ọdún 24, Danilović jẹ́ 22. Síbẹ̀ wọ́n dé àṣekágbá ní Istanbul ní oṣù kẹrin 1992. Joventut ti Badalona ń fi póìǹtì méjì ṣíwájú, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù, ni Đorđević bá sáré gba ẹ̀gbẹ́ pápá, ó fò sókè, ó ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn. Ó wọlé! 71 sí 70. Ẹni tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́dún tó ṣáájú ti di olùkọ́ tó gba ife Yúróòpù.

Kí ni Joventut ṣe? Wọn kò bínú. Ní 1993 wọ́n lọ bẹ ẹni tó nà wọ́n pé kó wá kọ́ àwọn, ó sì gba ife náà fún wọn ní 1994. Ó gbà á fún Real Madrid ní 1995, ó gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún fún Panathinaikos ti Gíríìsì láàárín 2000 sí 2011, ó tún gbà á fún Fenerbahçe ti Tọ́kì ní 2017. Mẹ́sàn-án! Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn tó gba tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan á ní owó ló ṣe é. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òmìrán Arvydas Sabonis wà ní Real Madrid nígbà yẹn, Panathinaikos kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ tálákà. Ṣùgbọ́n owó wo ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ 1992 tí kò rí ilé gbá bọ́ọ̀lù? Ohun tí èmi kò fara mọ́ ni ariwo rẹ̀. Bí ó bá ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí, ojú rẹ̀ a pọ́n bí ata. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ fún TP, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́ ìyẹn.

Ẹ wá wo àwọn tó kọ́. Dimitris Itoudis, igbákejì rẹ̀ ní Panathinaikos, gba ife Yúróòpù fún CSKA ti Moscow ní 2016 àti 2019. Šarūnas Jasikevičius gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ ní Panathinaikos kan náà. Òun náà di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì gba ife náà fún Fenerbahçe ní 2025. Obradović fúnra rẹ̀ padà sí Partizan ní 2021, ó sì wà níbẹ̀ títí di oṣù kọkànlá 2025 kó tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ọlidé mìíràn ti ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi yóò sì tún béèrè. N ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, n ó sì dá wọn lóhùn pé, "Bàbá, olùkọ́ ni mo fẹ́ ṣe, sà. Iṣẹ́ gidi náà nìyẹn."