Ẹ Má Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Bàbá

Ibi kíkà: 2 Sámúẹ́lì 19:24–30

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ nígbà àgọ́ ìjọ, tí inú wa sì máa ń dùn pé a sọ ọ́, nítorí ó dà bí ìwà ọmọlúàbí: "Bàbá, ẹ jókòó, a ó bá yín ṣe é." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá jà lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà mọ bí ó ti ń rí. Nígbà ooru, ìjọ á gba ààyè ní ọgbà ìpàgọ́. Àwọn kan á na àgọ́, àwọn kan á fi ọkọ̀ fa tírélà wá. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ní Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì, kì í ṣe tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì ni mò ń wí o. Ilé kékeré orí táyà ni, tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná.) Díákónì kan wà láàárín wa, ó ti lé díẹ̀ ní ẹni 70 ọdún, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dùn ún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Òun ló fi owó rẹ̀ ra tírélà rẹ̀, òun ló sì máa ń tò ó tẹ́lẹ̀. Ní ọdún tí orúnkún kọ iṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ sáré gbé àga fún un sábẹ́ igi. Ó jókòó. Lọ́dún kejì, bákan náà. Lọ́dún kẹta kò wá mọ́. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Mo lọ kí i, mo sì bá a nílé, ara rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Ó ní, "Pásítọ̀, kí ni kí n wá ṣe? Kí n máa wo bí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ mi bí ogún, nígbà tí mi ò tíì kú?"

Ẹ lọ ka ìtàn Mefibóṣẹ́tì dé òpin. A fẹ́ràn láti wàásù nípa orí 9, níbi tó ti jókòó ti ọba nídìí oúnjẹ. A kì í sábà dé orí 19. Níbẹ̀, nígbà tí Dáfídì bi í pé kí ló dé tí kò bá òun lọ, ó ní òun fẹ́ di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ òun ní gàárì kí òun sì gùn ún, nítorí arọ ni òun, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ òun tan òun jẹ. Ọkùnrin náà ní oko, ó ní ìránṣẹ́, ó ní àyè nídìí tábìlì ọba. Ohun tí kò ní ni ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi di gàárì. Ní ọjọ́ tí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ yí padà, ilé ló wà. Mi ò pe àwọn ọ̀dọ́ wa ní Síbà. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè lọ àfi bí ẹlòmíràn bá fẹ́, ẹ má sọ fún mi pé ó wà lómìnira.

Kí ló dá Díákónì dúró gan-an? Jáàkì ni, ju ohun gbogbo lọ. Ìwúwo tó ń tẹ ibi tí tírélà ti so mọ́ ọkọ̀ sábà máa ń wà láàárín 10 àti 15 nínú 100 ìwúwo tírélà. Bí tírélà bá wúwo tó pọ́ùn 5,000, pọ́ùn 500 sí 750 nìyẹn. Òun ni ẹni tó ń yí jáàkì ọlọ́wọ́ ń gbé sókè, lórí ìtẹ̀ba, pẹ̀lú orúnkún dídùn. Jáàkì oníná sì wà, tó ń lo bátìrì tírélà fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé bọ́tìnì lásán ni a ń tẹ̀. Ọ̀dọ́ méjì lè bá Bàbá dè é mọ́ ọn ní ọ̀sán Sátidé kan. Ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, Bàbá kò sì ní máa bẹ ẹnikẹ́ni lọ́dọọdún.

Èyí tó kù kò le tó bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ọkọ̀ wà fún ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò yí dáadáa mọ́. Àwọn ike ìtẹ́lẹ̀ táyà wà tó tẹ̀ bí ọrun: a ó wa táyà gùn ún díẹ̀díẹ̀ títí tírélà yóò fi dọ́gba, kò sí pé à ń kúnlẹ̀ to pákó. Ẹ so okùn mọ́ wẹ́ẹ̀jì, kí ó lè fi okùn fà á jáde láìbẹ̀rẹ̀. (Ẹ̀yin àgbà rántí ọmọ ọkọ̀ bọ̀lẹ́kájà àti igi wẹ́ẹ̀jì rẹ̀ lórí òkè. Òfin yẹn kò yí padà: wẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ táyà kí a tó tú tírélà kúrò lára ọkọ̀.) Àwọn ẹsẹ̀ irin tó ń gbá tírélà mú kó má mì, dírììlì oníbátìrì lè yí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka ìwé tó bá a wá, nítorí àwọn kan wà tí ẹni tó ṣe wọ́n kò fẹ́ dírììlì lórí wọn.

Ibi tí mo ti bẹ̀rù ni ẹnu ọ̀nà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé pákó kan lé ẹnu ọ̀nà tírélà, tí wọ́n sì ń ti ìyá àgbà lórí kẹ̀kẹ́ arọ gòkè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Ìwọ̀n tí a ń lò ní Amẹ́ríkà fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kẹ̀kẹ́ arọ ní àwọn ibi ìgboro ni pé bí ibi tí à ń gùn bá ga ní ínṣì 1, gígùn pákó kò gbọdọ̀ dín ní ínṣì 12. Ẹnu ọ̀nà tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2 á wá gba pákó ẹsẹ̀ bàtà 24! Fún ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, àtẹ̀gùn fífẹ̀ tí kò ga, tó ní irin ìdìmú, ló dára. Fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ẹ gba yàrá ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún un nínú ọgbà náà.

Àwọn kan ti dá mi lóhùn pé kí a gbàdúrà fún orúnkún Bàbá. Mò ń gbà á, lójoojúmọ́. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n gbé arọ wá sọ́dọ̀ Jésù ní Kápánáúmù gbàgbọ́ dáadáa, síbẹ̀ wọ́n kọ́kọ́ dá òrùlé lu. Àwọn kan ní owó kò sí. Ìjọ tó ra aṣọ àjọ̀dún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ àgọ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ parí sí. Nígbà tí ẹ bá ń gba ààyè, ẹ béèrè fún èyí tí ọkọ̀ lè gba iwájú wọ̀ kí ó sì gba iwájú jáde, kí Bàbá má baà wà á sẹ́yìn rárá. Ààyè tí ọgbà yà sọ́tọ̀ fún aláìlera, ẹ kó tírélà yín kúrò níbẹ̀. Pé ó sún mọ́ ilé ìwẹ̀ kò sọ ọ́ di tiyín. Ẹ sì sọ fún àwọn àgbà wa pé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card, tí àìlera rẹ̀ jẹ́ ti títí láé, lè gba Access Pass ìjọba àpapọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí yóò máa lò títí ayé rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ìjọba náà, ìdajì owó ààyè ìpàgọ́ ni yóò san. Àwọn kan kò gbà á torí ìtìjú. Díákónì wa náà kọ́kọ́ kọ̀. Ní báyìí, ó ti gba tirẹ̀, jáàkì sì ti wà lára tírélà. Lọ́jọ́ tí a dé àgọ́, ó dúró pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń tẹ bọ́tìnì, ó sì ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ R.A. pé wọn kò fi wẹ́ẹ̀jì sí i dáadáa.