Eré tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógún

Kí èèyàn tó mí sínú, kó tún mí síta, mótò kékeré kan ti kúrò lójú kan, ó sì ti ń sá eré tó jẹ́ 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni èyí ṣẹlẹ̀ ní Dübendorf, lẹ́bàá ìlú Zurich, lórílẹ̀-èdè Switzerland. Mythen ni orúkọ mótò náà, iná bátìrì ló ń lò. Kì í ṣe iléeṣẹ́ ńlá kan ló ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ETH Zurich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti yunifásítì kan ní ìlú Lucerne ló yà á sórí ìwé, tí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kàn án. Ìṣẹ́jú àáyá 0.956 ni wọ́n kà fún un, ilẹ̀ tó sì fi sá a kò ju mítà 12.3 lọ. Títí di ọjọ́ náà, kò sí mótò oníná kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ìròyìn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ fi irú mótò bẹ́ẹ̀ lọ sọ́jà. Ohun tó yẹ fún àròjinlẹ̀ ni bí àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí ṣe débẹ̀.

Mótò náà kò wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta, nítorí nǹkan bíi kìlógíráàmù 140 ni. Agbára inú rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 240, ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń yí i. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Bí agbára tó pọ̀ tó báyìí bá bọ́ sára ohun tó fúyẹ́, táyà á kàn máa yí lójú kan ni, kò ní í rí ilẹ̀ dì mú. Àwọn mótò eré-ìje mìíràn ní apá tí afẹ́fẹ́ máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá ti ń sáré, àmọ́ nígbà tí mótò ṣì dúró, afẹ́fẹ́ wo ni yóò tẹ̀ ẹ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wá ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fa afẹ́fẹ́ abẹ́ mótò jáde, bí èyí tí wọ́n fi ń fa eruku orí kápẹ́ẹ̀tì, débi pé mótò ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ típẹ́típẹ́ kó tó ṣí rárá.

Ìdíje tí wọ́n ń pè ní Formula Student ló bí irú ẹgbẹ́ wọn. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1981, pẹ̀lú orúkọ Formula SAE, àwọn ará Jámánì sì fi ti mótò oníná kún tiwọn ní 2010. Eré sísá nìkan kọ́ ni wọ́n ń gba máàkì fún níbẹ̀. Àwọn ẹnjiníà tó mọṣẹ́ yóò jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọn yóò bi wọ́n ìdí tí irin yìí fi nípọn tó báyìí, iye tí wọ́n ná, àti bí wọn yóò ṣe tà á bó bá di ọjà. Kí mótò oníná tó wọ pápá, wọn a rọ omi lé e lórí bí òjò, láti mọ̀ bóyá iná ń jò níbì kankan. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè bọ́ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ẹni tó bá kùnà nínú ìwọ̀nyí kò ní í sáré, bó ti wù kí mótò rẹ̀ lágbára tó.

Ọdún 2006 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ti Zurich, AMZ, sílẹ̀. Ní 2016, mótò wọn mìíràn, Grimsel, ti sá irú eré yìí ní ìṣẹ́jú àáyá 1.513. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stuttgart ní Jámánì já ipò náà gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú 1.461. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan tí Mythen fi gbà á padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ nínú ọgbà yunifásítì. Àwọn kan ń wọlé, àwọn kan ń jáde, ìmọ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró. Ohun tí àwọn ará 2016 ṣe tí kò dára, àwọn ará 2023 gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má baà tún un ṣe.

Lọ́jọ́ tí àwọn ará Stuttgart ń yọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ní Nàìjíríà wà ní títì pa. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ASUU, ti wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì láti ọjọ́ 14, oṣù Kejì, wọn kò sì padà títí di ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko nìyẹn. Ẹgbẹ́ Formula Student lè fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ ya mótò kan, kó kàn án, kó sì gbé e jáde fún àyẹ̀wò. Ẹ̀bi ta ni? Ìjọba ń tọ́ka sí àwọn olùkọ́, àwọn olùkọ́ ń tọ́ka sí ìjọba, akẹ́kọ̀ọ́ wà nílé.

Kì í ṣe ọpọlọ ló wọ́n. Ní 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, sọ Volkswagen tí àwọn èèyàn ń pè ní Ìjàpá di mótò tó ń gba agbára látinú oòrùn àti afẹ́fẹ́. Nǹkan bí ọdún kan ló fi ṣe é, ara àwọn ohun tó lò sì ni pàǹtí tí àwọn ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí kó fún un. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Àmọ́ iṣẹ́ ẹnì kan ni. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá parí ẹ̀kọ́, tí kò sí ẹgbẹ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó mọ̀ lè bá a jáde ní géètì.

Yunifásítì Èkó gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kóra jọ ṣe mótò Autonov fún ìdíje Shell Eco-marathon, níbi tí wọn kì í ti í wo eré bí kò ṣe bí mótò ṣe lè rìn jìnnà tó pẹ̀lú agbára díẹ̀. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ kọjá, wọ́n tún ṣe òmíràn, iṣẹ́ náà sì dé orí Autonov III. Ẹni tó bá fẹ́ náwó sórí irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Yorùbá, kó kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tó wà nídìí orúkọ náà, kó tó béèrè bí mótò ṣe ń sáré sí.