Nínú Ford àti Ìjàpá, Èwo Ni Ọkọ̀ Mẹ̀kúnnù?

Níbi tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ bá péjọ sí, àríyànjiyàn kan kì í tán láàárín wọn: nínú Ford tí à ń pè ní Model T àti Volkswagen tí àwa ní ilẹ̀ yìí sọ ní Ìjàpá, èwo ni oyè ọkọ̀ mẹ̀kúnnù tọ́ sí? Ọ̀pọ̀ a máa tètè dá Ìjàpá láre nítorí iye rẹ̀. Òótọ́ ni pé ní oṣù Èrèlé ọdún 1972, Ìjàpá kọjá iye Model T, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 15; nígbà tí wọ́n sì ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní Mexico ní 2003, ó ti lé ní mílíọ̀nù 21. Ṣùgbọ́n àwa kò gbà pé iye nìkan ni a fi ń dá irú ẹjọ́ báyìí. Ta ni ó rà á, èló ni ó sì rà á?

Nígbà tí Henry Ford gbé Model T jáde ní Detroit ní 1908, dọ́là 850 ni owó rẹ̀, agbára òṣìṣẹ́ lásán kò sì ká a. Ní 1913 ó dá ètò tuntun sílẹ̀: òṣìṣẹ́ kò rìn lọ bá ọkọ̀ mọ́, ọkọ̀ ni ó ń wọ́ kọjá níwájú òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ tí ó ń gba wákàtí 12 àti ààbọ̀ di ti nǹkan bí wákàtí kan àti ààbọ̀. Ní 1914 ó sọ owó iṣẹ́ òòjọ́ di dọ́là 5. Nígbà tí ó sì fi di 1925, dọ́là 260 péré ni èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Iṣẹ́ náà le, a kò ní í fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń so táyà mọ́ ọkọ̀ náà lè fi òógùn ojú rẹ̀ rà á.

Ìjàpá ńkọ́? Ìlérí ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ìjọba Hitler ni ó gbé iṣẹ́ náà lé Ferdinand Porsche lọ́wọ́, tí ó sì kéde pé máàkì 990 ni mẹ̀kúnnù Jámánì yóò máa rà á. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa san máàkì 5 lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa lẹ sítáǹbù mọ́ káàdì títí owó yóò fi pé. Àwọn tí ó lé ní 300,000 ni ó sanwó. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939. Ilé iṣẹ́ náà di ti ohun èlò ogun, àwọn tí a fi ipá kó wá láti ilẹ̀ mìíràn ni a sì ń mú sìn níbẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí ó fi ẹnu du ara wọn láti san owó yẹn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó gba ọkọ̀. Lẹ́yìn ẹjọ́ gígùn, ní 1961, ẹ̀dínwó lórí ọkọ̀ tuntun ni èyí tí ó pọ̀ jù tí wọ́n rí gbà.

Májọ̀ Ivan Hirst, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ni ó jí ilé iṣẹ́ náà dìde ní 1945. Láti ìgbà náà ni Ìjàpá ti ń gba ìyìn tí ó tọ́ sí i. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tù ú. Kò ní rédíétọ̀ tí omi rẹ̀ yóò hó lójú ọ̀nà, ohun tí awakọ̀ ilẹ̀ olóoru mọ rírì rẹ̀. Ní 1975 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Èkó pẹ̀lú. Model T ní tirẹ̀, irin ni a fi ń yí i ṣiṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀, irin náà sì máa ń ṣẹ́ni lápá. Bí epo rẹ̀ bá kù díẹ̀, ẹ̀yìn ni a fi í gun òkè, kí epo lè ṣàn dé ẹ́ńjìnnì.

Bí ó bá ṣe ti ìrìn àjò, Ìjàpá ni àwa yóò wọ̀. Ṣùgbọ́n ti Ford ni oyè náà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbà á fún Ìjàpá, láti 1945 ni kí ó ti máa ka ọjọ́ orí rẹ̀, kì í ṣe láti 1938.