Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Ẹ má fi báà gígùn pa ayùn oníbátìrì

Ẹ̀yin agbẹ́gilére, agbẹ́dó àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ́ igi ìlù ní Ilé-Ogbó, Ìwó àti gbogbo agbègbè Ayédire, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ lónìí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, owó epo ti di ẹrù ńlá lọ́rùn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé igi. Abájọ tí àwọn kan fi ń wo ọ̀nà ayùn oníbátìrì, èyí tí kì í mu bẹntiróòlù, tí kì í rú èéfín. Èrò náà kò burú. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bí oníṣẹ́ bá dé ọjà, ara ayùn nìkan ló máa ń bèèrè, kì í bèèrè báà àti ṣéènì. Báà ni irin pẹlẹbẹ tó yọ síwájú, ṣéènì ni ẹ̀wọ̀n eléyín tó ń sáré yí i ká. Àwọn méjèèjì yìí ló ń gé igi, àwọn náà ló sì máa sọ bóyá owó yín á padà wálé.

Ọ̀pọ̀ gbà pé báà tó bá gùn ló lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú mọ́tò àti bátìrì ni agbára wà. Bí báà bá ṣe gùn tó ni ṣéènì tí mọ́tò máa fà á ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì á ṣe tètè kú. Níbi tí iná mànàmáná bá ti ń lọ tó ń bọ̀, bátìrì tó kú lọ́sàn-án lè dá iṣẹ́ dúró di ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà ló ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Fún ère àti odó, báà 10 ínǹsì tàbí 12 tó. Bí gẹdú bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń la igi kọ́kọ́ gé e kù fún yín.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ ọnà wa ní ipele: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Báà tí wọ́n ń tà mọ́ ayùn dára fún ọnà lílé, níbi tí a ti ń gé ẹran igi tí a kò fẹ́ kúrò. Tó bá di àlétúnlé, tí ẹ fẹ́ ya orí kúrò lára èjìká, báà tí imú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ṣe fún igi gbígbẹ́, ló yẹ. Apá òkè imú báà ni ewu wà. Bó bá kan igi lójijì, ayùn lè ta padà sí ojú ẹni tó mú un. Imú tẹ́ẹ́rẹ́ ń dín ewu yìí kù, ṣùgbọ́n kò mú un kúrò pátápátá. Dídán àti fínfín ṣì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀bẹ, bí ó ti rí láyé Lámidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tó kú lọ́dún 2009.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè nọ́ńbà mẹ́ta. Èkíní ni àlàfo ṣéènì: 1/4 ni èyí tí eyín rẹ̀ kéré, òun ló sì bá imú tẹ́ẹ́rẹ́ mu jù, 3/8 LP tóbi díẹ̀ sí i. Èkejì ni bí irin tó ń wọ inú ihò báà ṣe nípọn tó: .043 tàbí .050 ni ẹ máa rí jù. Tín-ínrín rẹ̀ máa ń gé ojú kékeré, ó sì ń tọ́jú bátìrì. Ẹ̀kẹta ni iye irin tó ń wọ ihò báà ọ̀hún; ẹ kà á ní oókan-oókan. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bá báà mu, owó ti wọgbó. Ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò lórí 3/8 bọ́ sórí 1/4 gbọ́dọ̀ pààrọ̀ irin róbótó eléyín tó ń yí ṣéènì pẹ̀lú.

Igi ìrókò máa ń ní ohun líle bí òkúta nínú, ó sì ń sọ ṣéènì di kúkúndùn. Ṣéènì tó kú máa ń yọ ìyẹ̀fun dípò èérún igi, ó sì ń jẹ bátìrì. Nítorí náà, ẹ ra fáìlì tó bá eyín ṣéènì yín mu lọ́jọ́ kan náà. Ayùn oníbátìrì kò gba bẹntiróòlù lóòótọ́, ṣùgbọ́n báà rẹ̀ ń fẹ́ òróró. Ẹ má fi òróró ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò sí i. Èérún irin inú rẹ̀ á jẹ báà.

Ìmọ̀ràn mi sí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ni pé kí wọ́n fẹnu kò sórí irú ṣéènì kan. Wọ́n máa ń ta odidi ìká ṣéènì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 100. Bó bá jẹ́ 3/8 LP, nǹkan bí 40 ṣéènì fún báà 10 ínǹsì ló máa jáde níbẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè pawọ́ pọ̀ rà á, kí wọ́n sì ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń já a, tí wọ́n fi ń so ó. Ayùn olówó ńlá tí kò rí ṣéènì lò, ẹrù orí pẹpẹ lásán ni.