Ẹ Yé Fi Ọ̀wọ̀ Dí Aṣòfin Lẹ́nu

Lóṣù keje ọdún 2023, àbá kan dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà l'Ábújá pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná mọ̀nàmọ́ná so àfikún owó iná rọ̀ ná. Godswill Akpabio, Ààrẹ Ilé, ló wà lórí àga. Nígbà tó kan ìgbà tí wọ́n máa fohùn sí i, ó sọ ọ́ di pé kí ẹni tó bá gbà pé kí wọ́n jẹ́ kí tálákà mí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn aṣòfin bú sẹ́rìn-ín. Gbólóhùn yẹn ò rú òfin Ilé kankan, torí èébú ò sí nínú rẹ̀.

Ẹ gbé ẹ̀rín yẹn wá sí Pedro níbí, láàárín Ṣómólú àti Bàrígà. Ìlú àwọn atẹ̀wé ni Ṣómólú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, títí kan pósítà táwọn olóṣèlú fúnra wọn ń lẹ̀ káàkiri nígbà ìbò. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù. Lọ́dún yẹn kan náà, bẹntiróòlù ti kúrò ní nǹkan bíi náírà 190 lítà kan, ó ti kọjá 500, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ lóṣù karùn-ún. Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ tó ń gé ìwé, tó ń ṣírò iye epo tí iṣẹ́ máa jẹ kó tó dá oníbàárà lóhùn, òun ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín l'Ábújá. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú gbogbo ètò àti ìlànà.

Ohun tí mo dúró lé lórí rèé, mi ò sì ní kúrò níbẹ̀: èébú kékeré ò ba ilé aṣòfin jẹ́. Bí aṣòfin bá fẹ́ pe mínísítà ní ọ̀lẹ, bó bá fẹ́ pe gómìnà ní òpùrọ́, bó bá fẹ́ sọ fún kọmíṣánnà pé ìwà agbàyà ló ń hù, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ohun tó ń ba ilé náà jẹ́ ni ọ̀rọ̀ dídán tí wọ́n fi ń tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti fèsì.

Òfin ìlànà Ilé Aṣòfin Àgbà sọ pé aṣòfin ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ àrífín sí aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ́ èyí lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé àwọn tó kọ́ wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2021, Dawn Butler, obìnrin aṣòfin kan, dìde ní London, ó ní olórí ìjọba, Boris Johnson, ti parọ́ fún Ilé léraléra. Wọ́n ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó kọ̀. Wọ́n lé e jáde. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, ìgbìmọ̀ Ilé yẹn kan náà parí ìwádìí rẹ̀ pé Johnson mọ̀ọ́mọ̀ ṣi Ilé lọ́nà, àwọn aṣòfin 354 sì fọwọ́ sí àbájáde náà. Àwọn méje péré ló ta kò ó. Ta ló wá ba iyì ilé náà jẹ́, ẹni tó pa irọ́ ni àbí ẹni tó pè é ní irọ́?

Àwọn tó ń bẹ̀rù èébú máa ń rán wa létí Ìbàdàn, ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, nígbà tí àga ń fò nínú Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, tí ọlọ́pàá fi tajútajú lé wọn jáde. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà, kéde ìjọba pàjáwìrì lórí gbogbo ẹkùn náà. Wọ́n ní ẹnu tí kò ní ìjánu ló ń bí irú ẹ̀. Rárá o. Ọ̀rọ̀ tí aṣòfin kan, E. O. Oke, kígbe lọ́jọ́ náà kí ìjà tó bẹ́ ni pé iná ń jó lórí òkè, orin eré ọmọdé tí wọ́n ń kọ nílé ẹ̀kọ́. Kò bú ẹnì kankan. Àwọn tó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà tí wọ́n ti yọ nípò, ò fẹ́ kí ìbò lórí ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ wáyé, wọ́n sì mọ̀ pé bí ilé bá dàrú, ìbò ò lè wáyé. Bí gbogbo wọn bá fi ọ̀wọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yẹn, àga ì bá ṣì fò.

Mo mọ èyí tí wọ́n tún máa sọ. Lóṣù kẹrin ọdún 2021, Sẹ́nétọ̀ Smart Adeyemi láti Kogí ń sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn káàkiri Nàìjíríà, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀. Olúrẹ̀mí Tinubu, sẹ́nétọ̀ láti Èkó, já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó bi í bóyá ẹgbẹ́ alátakò, PDP, ló ń ṣe, bóyá ìkookò tó gbé awọ àgùntàn wọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ èèyàn, ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n mi ò gbà kí wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èébú yẹn, tó wá láìgbèrò, fi hàn wá ní ìṣẹ́jú kan ibi tí sẹ́nétọ̀ wa dúró sí nígbà tí wọ́n ń ka òkú. Ọ̀rọ̀ rere tí wọ́n tò sórí ìwé ò lè fi èyí hàn wá láé.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwà ọmọlúàbí nínú ilé yẹn. Lọ́dún 2019, Buhari fi orúkọ èèyàn 43 ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fi wọ́n ṣe mínísítà. Púpọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn tó ti ṣe aṣòfin rí, ni wọ́n kàn ní kó tẹríba, kó máa lọ. Wọn ò bi wọ́n ní ìbéèrè kan tó nítumọ̀. Ọ̀wọ̀ nìyẹn. Èmi ì bá yàn kí wọ́n pè wọ́n ní oníranù, kí wọ́n sì dá wọn dúró fún wákàtí mẹ́ta.

Yorùbá ò sì bá wọn dá ìbẹ̀rù yìí sílẹ̀. Ní Kétu àti Ìmẹ̀kọ, ẹni tó gbé Ẹ̀fẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, máa ń dúró ní ọjà lóru, á bú ẹni tó hùwà burúkú, ì báà jẹ́ olówó tàbí ìjòyè, ẹnikẹ́ni ò sì ní fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn n'Ìbàdàn, ẹnu ò ní ìlẹ̀kùn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibì kan tó ti lè bú ẹni tó wà lókè. Àǹfààní yìí gan-an ni òfin fún aṣòfin: kò sẹ́ni tó lè tìtorí ọ̀rọ̀ tó sọ nínú Ilé gbé e lọ sí kóòtù. Bí ẹ̀yin tàbí èmi bá pe kọmíṣánnà ní olè ní Pedro, ó lè pè wá lẹ́jọ́. Àwọn tá a yàn pé kí wọ́n bá wa sọ ọ́ wá gba ààbò náà, wọ́n ń fi kí ara wọn.

Èébú tó burú jù tí ilé aṣòfin kankan tíì bú wa, èdè Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní ni wọ́n fi sọ ọ́. Lóṣù kejìlá ọdún 1999, Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó kọ̀ láti máa fi Yorùbá jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 97 ìwé òfin Nàìjíríà fún wọn láyè. Wọ́n ní Èkó kó onírúurú èèyàn jọ. Ìyẹn ṣe é gbọ́. Wọ́n wá fi kún un pé Yorùbá lè bu làákàyè àwọn aṣòfin kù. Kò sí kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan ní ibùdókọ̀ Pedro, bó ti wù kí inú bí i tó, tó tíì bú wa tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Ilé náà tún ara rẹ̀ ṣe, òun ló ṣe òfin ìtọ́jú èdè Yorùbá tí Gómìnà Ambọ̀dé fọwọ́ sí lọ́dún 2018. Mo kí wọn fún un. Kí wọ́n wá jẹ́ kí èdè náà wọlé pẹ̀lú ẹnu rẹ̀.

Mi ò ní kí wọ́n máa ṣépè. Kí wọ́n má mẹ́nu ba ìyá ẹnikẹ́ni, àbùkù ara, ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Kí wọ́n má sì fi jíjẹ́ obìnrin gún obìnrin lára, bí Akpabio ṣe ṣe lóṣù keje ọdún 2024 nígbà tó sọ fún Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan pé àwọn ò sí nílé ijó alẹ́, tó sì padà wá tọrọ àforíjì. Yàtọ̀ sí èyí, kí wọ́n pa òfin tó ń ṣọ́ ọ̀lẹ àti òpùrọ́ rẹ́.

Ṣómólú ní aṣòfin méjì nínú Ilé Aṣòfin Èkó ní Alausa. Bí kọmíṣánnà kan bá dúró níwájú wọn, tó ń ka iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣe ládùúgbò wa mọ́ iṣẹ́ tó ti parí, kí wọ́n wò ó lójú, kí wọ́n sọ fún un ní Yorùbá pé irọ́ ló pa. Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ lé wọn síta, kí wọ́n máa bọ̀ ní Pedro.